Lever Ọlọ́ṣẹ, Ẹni Tí Epo Wa Sọ Di Ọlọ́rọ̀

Kò sí ilé kan ní Ṣakí, ìbáà ṣe ààfin ọba tàbí abà oko, tí a kì í lo ọṣẹ. Síbẹ̀, nínú gbogbo wa tí ń fi ọṣẹ ilé iṣẹ́ fọ aṣọ, mélòó ni ó ti bèèrè rí pé ta ni ó sọ irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ di ọjà ńlá, tí ó gé e kéékèèké, tí ó fi bébà wé e, tí ó sì fún un ní orúkọ? A rí i pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ọkùnrin náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan epo wa, ó kan ilẹ̀ wa, ó sì kan àpò àwa oníṣòwò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọṣẹ ṣíṣe. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ìyá wa ti ń sun igi àti èèpo èso di eérú, tí wọ́n ń da omi sí i, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi omi náà se òrí tàbí àdí lórí iná títí yóò fi dì. Agbára tí ó wà nínú eérú ni ó ń bá ọ̀rá jà, tí àwọn méjèèjì fi ń di ohun kẹta, tí í ṣe ọṣẹ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó, àfi pé sódà líle ni wọ́n ń lò dípò eérú, ìkòkò irin ràgàjì ni wọ́n sì fi ń sè é. Ọgbọ́n tí Lever fi ju ọlọ́ṣẹ ilé wa lọ, ibòmíràn ni ó wà.

William Hesketh Lever ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù September, ọdún 1851, ni a bí i ní Bolton, ìlú òwú àti aṣọ híhun ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí Ìsẹ́yìn ti jẹ́ ìlú aṣọ híhun lọ́dọ̀ tiwa. Oníṣòwò ohun jíjẹ ni James, bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1867 ni ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ṣílè kan ni owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gé ọṣẹ gígùn sí wẹ́wẹ́, kí ó sì máa wé e fún oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti rántí pé àwọn ìyá wa ń gé e lórí àtẹ. Ní ọdún 1874 ó gbé Elizabeth Ellen Hulme níyàwó, ọmọbìnrin tí ó ti mọ̀ láti kékeré.

Ní ìgbà náà, ọṣẹ kò ní orúkọ lójú ẹni tí ń rà á; ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á bí ẹran. Lever rò ó pé bí oníbàárà bá mọ orúkọ ọṣẹ, yóò tún padà wá bèèrè rẹ̀. Ó yan orúkọ Sunlight, tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì fi í sábẹ́ òfin ní ọdún 1884 kí ẹlòmíràn má baà lò ó. Ní ọdún 1885, òun àti James Darcy, àbúrò rẹ̀, háyà ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Warrington. Ẹni kan tí ó mọ̀ nípa ìdàpọ̀ epo àti sódà, William Hough Watson ará Bolton, ni ó bá wọn wá ọ̀nà tí ọṣẹ náà yóò fi máa hó dáradára. Ọ̀rá màlúù ni ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣẹ gbára lé nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú ọṣẹ Lever, àdí èkùrọ́ tàbí epo àgbọn ni ó pọ̀ jù. Tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì ó ti di 450.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Warrington kò gbà á mọ́, Lever ra ilẹ̀ àbàtà kan lẹ́bàá odò Mersey, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà ní ọdún 1888. Port Sunlight ni a sọ ibẹ̀. Ó kọ́ ilé dáradára fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 800 ilé títí di ọdún 1914, pẹ̀lú ọgbà, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé inú ìdọ̀tí àti èéfín, ohun ńlá ni èyí jẹ́. Títí di òní ni wọ́n ń rántí rẹ̀ sí rere níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Baálé ńlá ni Lever, kì í sì í fẹ́ kí ọmọ ilé já òun lẹ́nu.

Ọ̀nà kò tẹ́jú fún un ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1906, nígbà tí epo wọ́n, ó dín ìwọ̀n ọṣẹ kù láti áúǹsì 16 sí 15, kò sì dín owó rẹ̀. Ó tún ń kó àwọn ọlọ́ṣẹ yòókù jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ìwé ìròyìn Daily Mail dìde sí i kíkankíkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn pa ọṣẹ rẹ̀ tì, ẹgbẹ́ náà sì túká kí ọdún tó parí. Lever pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, ó jàre, wọ́n sì san £50,000 fún un ní ọdún 1907. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòkùnkùn sí ẹni tí ń fi kóńgò wọn gàrí: oníbàárà lè fara da ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ìwọ̀n tí ó lábùkù.

Epo ni ẹ̀mí ọṣẹ. Bí ilé iṣẹ́ náà ti ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú Lever ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó tọrọ ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí òun nìkan lè máa fún epo agbègbè náà. Wọn kò gbà fún un. Nígbà náà ni ó lọ bá ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ọ̀pẹ ní Congo ní ọdún 1911, èyí tí ó lè tó hẹ́kítà 750,000. Ó sọ ìlú kan níbẹ̀ ní Leverville. Ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ wà nínú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n túláàsì ni wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ gé ẹyìn lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn ti ni tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1931, lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ará Pende dìde ogun nítorí ìnira iṣẹ́ epo àti owó orí, ìjọba sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ ní Port Sunlight ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi irú ìnira bẹ́ẹ̀ gba epo ní Congo. A kò lè sọ ìtàn kan kí a fi èkejì pamọ́.

Ní Nàìjíríà, Lever kò dẹ́kun láti máa bèèrè ilẹ̀. Sir Hugh Clifford, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1919 sí 1925, kọ̀ fún un, nítorí ó gbà pé àgbẹ̀ tí ó ni oko ara rẹ̀ sàn ju alágbàṣe lọ. Báyìí ni ọ̀pẹ wa ṣe kù sí ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a kò ti fún Lever ní ilẹ̀, ó gba ojú ọjà. Ní ọdún 1920 ó ra Niger Company ní iye tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn lọ. Kò pẹ́ tí owó ọjà fi já wálẹ̀, gbèsè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1929, ni ilé iṣẹ́ yìí àti òmíràn para pọ̀ di UAC, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáradára. Àwa ni a ni èkùrọ́, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ni òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1923 ni Lever dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Àpápá ní Èkó ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ṣáájú èyí, epo wa a wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun, yóò sì padà wá bí ọṣẹ, àwa a sì rà á.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún 1913. Lever kọ́ ilé àwòrán kan ní Port Sunlight fún ìrántí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1922. Nígbà tí ọba fi í joyè ní ọdún 1917, ó so orúkọ tirẹ̀ mọ́ ti ìyàwó rẹ̀, ó di Lord Leverhulme. Ní ọjọ́ 7 oṣù May, ọdún 1925, òtútù àyà pa á ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 73, kò pẹ́ tí ó ti Áfíríkà dé. Port Sunlight ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Àpápá di Lever Brothers Nigeria, lẹ́yìn náà ó di Unilever Nigeria. Ní ọdún 2023, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun kò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ dúdú kò kúrò lọ́jà. Àwọn ará òkè òkun pàápàá ti ń rà á, wọ́n sì ń ra òrí fún ìpara àti ohun jíjẹ.

Ẹ̀yin ará Ṣakí àti gbogbo Òkè-Ògùn, igi òrí wà nínú igbó wa, ìmọ̀ ọṣẹ sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Lever kò dá epo, kò sì dá ọṣẹ. Orúkọ, ìwé tí ó fi wé e, àti ìwọ̀n ni ó fi di ọlọ́rọ̀. Kí ni ó dé tí àwa ń ta òrí nínú igbá láìní orúkọ, kí ẹlòmíràn lè fún un ní orúkọ kí ó sì tà á padà fún wa? Àwọn àgbà wa ti wí pé ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.