Ọ̀gbẹ́ni K. C. Murray àti Àwọn Ilé tí a Fi Sílẹ̀

Láàárín àwọn òyìnbó tí ó bá ìjọba wá sí ilẹ̀ wa, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ilé tí ó ń wó lọ máa ń fà mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Kenneth Crosthwaite Murray. A bí i ní ọdún 1902. Ó dé Nàìjíríà ní 1927 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ ọnà. Ben Enwonwu, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà tí ó yá, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ní 1943 ni ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ láti ìlétò dé ìlétò pẹ̀lú ìwé àti kámẹ́rà. Ohun tí ń kán an lójú yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé inú ilé amọ̀ rí. Bí àwọn olùsìn bá ti di onígbàgbọ́ tàbí ìmàle, kò sí ẹni tí yóò tún fi ewé bo òrùlé ojúbọ mọ́. Òrùlé a jò, òjò a wọ ògiri, ògiri a wó. Ère inú rẹ̀ a di oúnjẹ ikán, tàbí kí oníṣòwò rù ú lọ sí òkè òkun. Àwòrán nìkan ni yóò kù.

Kò fi mọ sí àwòrán. Ní 1945 a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Èsìẹ́ fún àwọn ère òkúta ibẹ̀. Òfin ààbò jáde ní 1953. Ti Oníkàn ní Èkó sì ṣí ní 1957.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 1971 Ekpo Eyo, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, tí ó ti lé ní 500 ọdún. Amọ̀ tí a sun ni ìyẹn. Amọ̀ ògiri kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́nà Ìfọ̀n àti Ìdóàní, ilé abà tí àwọn baba wa fi owó kòkó kọ́ ń dá wà, igbó ń wọlé. A ń wálé ọdún pẹ̀lú fóònù olówó ńlá, aṣọ ẹbí nìkan ni a sì ń yà.

Ọ̀gbẹ́ni Murray fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n kò fi Nàìjíríà sílẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní 1972. Àwọn àwòrán àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìpamọ́ ní Oníkàn.