Bruce McLaren àti àlòkù ọkọ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́

Bí a bá dárúkọ McLaren lónìí, ohun tó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọkọ̀ ìje aláwọ̀ ọsàn tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù, tàbí ọkọ̀ olówó gọbọi tí ọlọ́rọ̀ nìkan lè rà. Díẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Àwọn tó sì mọ̀ pé inú àlòkù ọkọ̀ kan tí a ti tú palẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rin títì ti jẹ́ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé, ìtàn ọkùnrin náà yẹ ní gbígbọ́.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1937 ni a bí Bruce Leslie McLaren ní ìlú Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand, àwọn erékùṣù tó wà ní ìlà oòrùn Ọsirélíà. Les ni orúkọ baba rẹ̀, Ruth ni ti ìyá rẹ̀. Ilé epo ni àwọn méjèèjì ní ní àdúgbò Remuera, gáráàjì tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baba náà ti fi alùpùpù sá eré ìje nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó ṣèṣe, ó pa á tì, ó sì ń fi ọkọ̀ díje pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò. Nítorí náà, kí ọmọ náà tó mọ ìwé kà dáadáa ni òórùn epo àti ìró òòlù lára irin ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí Bruce pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àìsàn kan kọ lù ú ní ìbàdí. Perthes ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí egungun itan níbi tó ti wọ inú ìbàdí. Egungun náà a máa kú, a sì máa rún díẹ̀díẹ̀. Ìtọ́jú tó wà nígbà náà kò ju pé kí a so ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ orí ibùsùn, kí ó má bàa fi tẹlẹ̀, títí egungun yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ọdún méjì gbáko ni Bruce fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara kan ní Takapuna. Nígbà tí ó dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ó sì ń tiro díẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún mọ́ láti sáré, ọkọ̀ ni yóò fi ṣe ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni baba rẹ̀ ra àlòkù ọkọ̀ kan wọlé. Austin 7 ni, irú tí wọ́n ń pè ní Ulster, tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1929. Láti ọdún 1922 ni ilé iṣẹ́ Austin ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré yìí fún àwọn mẹ̀kúnnù tí agbára wọn kò ká ọkọ̀ ńlá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 747 cc lọ. Ṣùgbọ́n Ulster kì í ṣe ọkọ̀ ìnájà. Wọ́n dín ìwúwo rẹ̀ kù, wọ́n sì fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára sí i, kí ó lè wúlò fún eré ìje. Nígbà tí ó dé ọwọ́ Les McLaren, ó ti lé ní ogún ọdún, wọ́n sì ti tú u sí wẹ́wẹ́. Èrò baba náà ni pé kí òun tò ó pọ̀, kí òun tà á, kí òun sì jẹ èrè orí rẹ̀. Bruce bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tà á. Baba gbà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun, wíwà rẹ̀ nìkan ló kù fún un láti kọ́. Ẹni tó bá ra àlòkù tó ti tú palẹ̀ yóò kọ́ ohun tí ọkọ̀ jẹ́. Yóò fọ ọ̀rá àtijọ́ kúrò lára irin kọ̀ọ̀kan, yóò tò wọ́n sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, yóò sì mọ èyí tó ti jẹ àti èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́. Yóò mọ̀ pé bí fáàfù kò bá jókòó dáadáa, agbára ẹ́ńjìnnì yóò máa jò dànù. Pé bí òróró kò bá dé ibi tí irin ti ń yí lórí irin, ìrìn àjò náà kò ní jìnnà. Okùn irin ni ìjánu Austin 7 fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe omi ìjánu bí ti ọkọ̀ òde òní. Bí okùn kan bá le ju èkejì lọ, táyà kan yóò dúró kí èkejì tó dúró, ọkọ̀ yóò sì yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti fa okùn náà le, tí ó sì ti dẹ̀ ẹ́, kì í fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ìjánu lọ́wọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ tí Bruce kọ́ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù nìyí.

Ní ọdún 1952, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó wa Ulster yìí nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀, ìdíje gígun òkè ní Muriwai, nítòsí Auckland. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó sá eré ìje gidi. Láti ibẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ kan tí a fi ẹ̀yà ara Ford 10 kọ́, ó bọ́ sínú Austin-Healey, kí ó tó wá kan Cooper, ọkọ̀ ìje oníjòkòó kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀. Ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì Auckland lákòókò yìí, ṣùgbọ́n eré ìje fà á kúrò kí ó tó parí. Kò gba Cooper náà bí wọ́n ṣe fà á lé e lọ́wọ́. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó yí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn padà, títí ó fi gba ipò kejì nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ New Zealand ti ọdún 1957 sí 1958. Jack Brabham, ògbóǹtarìgì awakọ̀ ará Ọsirélíà, rí i. Àwọn aláṣẹ eré ìje ilẹ̀ New Zealand náà rí i, wọ́n sì yàn án ní ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò rán lọ sí Yúróòpù láti gba ìrírí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, ní Sebring ní Amẹ́ríkà, Bruce McLaren gba ipò kìíní nínú Grand Prix. Ọmọ ọdún 22 ni. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó ti borí nínú Grand Prix ìdíje àgbáyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Brabham nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ nínú ìdíje náà. Ẹlòmíràn ì bá jókòó, kí ó máa jẹ oyè. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ gáráàjì kì í balẹ̀ bí kì í bá ṣe ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tún ọkọ̀ ṣe. Ní ọdún 1963, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà korò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, Timmy Mayer, ọ̀dọ́ awakọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní Longford, ní erékùṣù Tasmania. Teddy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò pa iṣẹ́ tì; ó dúró ti Bruce, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tuntun yìí kọ́kọ́ fi lókìkí, àlòkù ni. Zerex Special ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ó gbà láti ara oògùn omi ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí omi di yìnyín. Ọkọ̀ Cooper kan tó ti forí sọgi ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961 ni tẹ́lẹ̀. Roger Penske ra àfọ́kù náà, ó tún un kọ́, ó fi pákó irin bo táyà rẹ̀, ó sì fi borí nínú ọ̀pọ̀ ìdíje kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1964, Bruce rà á. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lára ọkọ̀ náà ni pé férémù rẹ̀ kò le tó: bí ọkọ̀ bá ń ká kọ́nà, ara rẹ̀ ń lọ́. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé àárín férémù náà kúrò, wọ́n jó tuntun tó le ju ti àtijọ́ lọ sí i, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì Oldsmobile onípísítìnì mẹ́jọ sí i. Alumíníọ̀mù ni a fi ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí náà ó lágbára láìwúwo. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Bruce fi borí ní Mosport, ní ilẹ̀ Kánádà. Àfọ́kù tó ti kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi ènìyàn ti di olúborí, ohun tí wọ́n sì kọ́ lára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti McLaren láti ìpìlẹ̀, M1A, lọ́dún kan náà.

Láti ìgbà náà, ilé wọn ń kún. Ní ọdún 1966, Bruce àti Chris Amon, ọmọ ìlú rẹ̀, fi Ford borí nínú eré wákàtí 24 ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1968, ó fi ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀ gba Grand Prix ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní Spa. Nínú ìdíje Can-Am, tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, òun ni olúborí ní ọdún 1967 àti 1969. Ìdíje 11 ni wọ́n ṣe ní 1969. Ọkọ̀ McLaren ló gba gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ku ohun kan tó ń rò. Ó fẹ́ ṣe ọkọ̀ ìje tí ènìyàn lè wà lọ sí ọjà. Wọ́n mú férémù irú ọkọ̀ tí wọ́n fi gba Can-Am ọdún 1967, wọ́n fi òrùlé àti ilẹ̀kùn méjì sí i, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet sí ẹ̀yìn awakọ̀. M6GT ni wọ́n pè é. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní in lọ́kàn pé yóò wọ ìdíje, ṣùgbọ́n òfin eré ìje kò gbà á. Bruce kò jẹ́ kí ó jẹ́ àdánù. Ó gba nọ́ńbà ọkọ̀ fún ọ̀kan, ó sì ń wà á lójú títì pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ yòókù, ó ń wo ohun tó yẹ ní títúnṣe lára rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe púpọ̀ fún títà. Bí ó ti ṣe pẹ̀lú Ulster náà ló ń ṣe: ó ń wà á, ó ń tẹ́tí sí i, ó ń tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1970, Bruce wà ní pápá eré Goodwood, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń dán M8D wò, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ lò fún Can-Am ọdún náà. Kì í ṣe ìdíje. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ni, kí ó wa ọkọ̀, kí ó sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí ó ti ń sáré lọ, pákó tó bo ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣí kúrò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; nígbà tí pákó náà lọ, kò sí ohun tó di táyà mú mọ́. Ọkọ̀ náà yí, ó sì kọ lu ibùdó kan tí àwọn olùṣọ́ ọ̀nà ti ń lò tẹ́lẹ̀, tí wọn kò lò lọ́jọ́ náà. Bruce kú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 32 ni. Ó fi Patty ìyàwó rẹ̀ àti Amanda ọmọbìnrin wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ M6GT kò tẹ̀ síwájú mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ló kù.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdíje Can-Am bẹ̀rẹ̀ ní Mosport. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé ojú nù, wọ́n sì gbé ọkọ̀ M8D lọ. Denny Hulme, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọmọ ìlú rẹ̀, ti fi iná jó lọ́wọ́ ní Indianapolis ní oṣù tó ṣáájú. Síbẹ̀ ó jókòó sínú ọ̀kan. Dan Gurney jókòó sínú èkejì, òun ló sì gba ipò kìíní. Kí ọdún náà tó parí, Hulme ti gba ife-ẹ̀yẹ Can-Am. Ilé iṣẹ́ náà wà títí di òní ní Woking, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti tọ́jú Ulster ọdún 1929 náà síwájú gbogbo ọkọ̀ olówó iyebíye tó bí.

Ohun tí Bruce McLaren fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ra àlòkù kò ṣòro láti rí. Ọkọ̀ tó ti gbó kì í ṣe ẹ̀gàn bí olówó rẹ̀ bá ṣetán láti mọ inú rẹ̀. Kí ó tú u, kí ó mọ ibi tó ti jẹ, kí ó fi èyí tó le rọ́pò èyí tó rọ̀, ọkọ̀ yóò sì san án lẹ́san. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọwọ́ mọ irin tó, irin kì í mọ ojú olówó rẹ̀. Kí a tó ki ẹsẹ̀ bọ epo ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí ọkọ̀ wa ká, kí a fi ọwọ́ kan ohun gbogbo tó yẹ kó dè.