Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, Aṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé dé Lokogoma àti ìlú mìíràn lẹ́yìn odi ni ó ti rí àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kí a tó sọ pé ayé ló ṣe é, ẹ jẹ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú ọpọlọ, níbi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń ṣẹ̀ wá.

Àwẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ni a bí Látúndé Ọdẹ́kù sí ní ọdún 1927. Ó gba oyè oníṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Edgar Kahn. Àyè iṣẹ́ wà fún un lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní 1962, ó padà sí Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà. Òun àti Adélọlá Adélóyè ni wọ́n ṣàlàyé kókó kan tí ó máa ń yọ ní àwùjẹ̀ ọmọdé. Orúkọ àwọn méjèèjì ni àrùn náà ń jẹ́ títí di òní. Akéwì ni pẹ̀lú. Ní 1974, ó kú ní London lẹ́ni ọdún 47. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn.

Láti ìgbà náà, ìmọ̀ nípa ọpọlọ ti tẹ̀ síwájú. Àwọn oníṣègùn ń dán an wò láti fi iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò tó èyí tí ó lè tan gílóòbù, ta ọpọlọ jí láti ìta agbárí, bí aláìsàn ti ń kọ́ orúkọ nǹkan lákọ̀tun. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018, tí ènìyàn 74 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó yẹ kí a tún un wò sí i; kò tíì sọ ọ́ di ìwòsàn tí ó dájú.

Iná kò lè dá kọ́ni ní ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni yóò kọ́ aláìsàn, èdè tí aláìsàn gbọ́ dáadáa ni ó sì yẹ kí ó lò. Ẹni tí ó ń fi Yorùbá ronú láti kékeré nílò ẹni tí yóò fi Yorùbá bá a wá ọ̀rọ̀ tí ó sọnù. Ìdí nìyí tí ìpadàbọ̀ Ọdẹ́kù fi ṣe pàtàkì: ó mú ìmọ̀ ọpọlọ wá sí ibi tí a ti gbọ́ èdè aláìsàn. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn.