Hélène de Pourtalès

Hélène de Pourtalès (28 Oṣù Kẹrin ọdún 1868 – 2 Oṣù Kọkànlá ọdún 1945) jẹ́ atukọ̀ onígbòkun ọmọ orílẹ̀-èdè Swítsàlandì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní nínú Ìdíje Òlímpíkì òde òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Helen Barbey sì ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Henry Barbey ni bàbá rẹ̀. Mary Lorillard, ìyá rẹ̀, wá láti ìdílé ọlọ́rọ̀ kan tí òwò tábà sọ di gbajúmọ̀. Ní ọdún 1891, ó fẹ́ Hermann de Pourtalès, ọ̀tọ̀kùlú ará Swítsàlandì tó fi ọdún 21 jù ú lọ. Nípa ìgbéyàwó yìí ni ó fi di ọmọ Swítsàlandì.

Ìdíje Òlímpíkì ọdún 1900

Kò sí obìnrin kankan tó kópa nínú Òlímpíkì ọdún 1896 ní Athens. Pierre de Coubertin, tó jẹ́ òléwájú nínú dídá ìdíje náà sílẹ̀, kò fara mọ́ kíkópa àwọn obìnrin. Ìdíje Paris ní ọdún 1900 ni àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ kópa.

Orí odò Seine ní Meulan ni àwọn ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké ti figagbága. Àwọn ńlá lọ sí Le Havre létí òkun. Ọkùnrin àti obìnrin lè jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Hélène wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lérina. Hermann ni ó ń darí ọkọ̀ náà, Bernard de Pourtalès, mọ̀lẹ́bí Hermann, sì ni ẹnì kẹta wọn. Ní 22 Oṣù Karùn-ún, Lérina gba ipò kìíní nínú ìdíje àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 1 sí 2. Ní ọjọ́ 25 oṣù kan náà, ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje kejì.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ka Charlotte Cooper ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí obìnrin àkọ́kọ́ tó borí ní Òlímpíkì, nítorí tẹ́níìsì tó gbà ní 11 Oṣù Keje ọdún 1900. Àmọ́ ọjọ́ 50 ṣáájú èyí ni Lérina ti borí. Cooper ni ó ṣì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó dá nìkan borí. Hélène ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn. Ọdún 1988, ní Seoul, ni àwọn obìnrin tó ní ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tiwọn lọ́tọ̀.

Ikú

Hermann kú ní ọdún 1904. Hélène kú ní Geneva ní ẹni ọdún 77.