Ìtàn Ayé Florence Nightingale, Olùtọ́jú Aláìsàn tí ó di Olùkọ́ni

Ó tọ́, ó sì yẹ, kí àwa tí à ń jẹ àǹfààní ilé ìwòsàn àti ìtọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì mọ ẹni tí ó la ọ̀nà náà fún wa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ Florence Nightingale nítorí àtùpà tí ó ń gbé kiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtùpà náà kò pé ọdún méjì. Ìkọ́ni ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, èyí náà ni a sì fẹ́ fi hàn níhìn-ín.

A bí i ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1820, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, orúkọ ìlú náà ni a sì fi sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí rẹ̀, ọlọ́rọ̀ sì ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní èdè Gíríìkì àti Látìn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó gbà pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ ìsìn Rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ pé ìtọ́jú aláìsàn ni òun yóò ṣe, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ní ayé ìgbà náà iṣẹ́ ọ̀mùtí àti aláìníláárí ni a ka iṣẹ́ yìí sí. Ó fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1851 ni ó tó lo oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Fliedner, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1853 a fi í ṣe olórí ilé ìtọ́jú kékeré kan ní London.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Rọ́ṣíà jagun, ìjọba rán an pẹ̀lú obìnrin 38 lọ sí Scutari, ní òdì kejì omi sí Constantinople tí a ń pè ní Istanbul nísinsìnyí. Oṣù kọkànlá ni wọ́n dé ibẹ̀. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn aláìsàn sùn sí. Eku ń sáré láàárín wọn. Kò sí ọṣẹ, kò sí aṣọ ìnura, kòtò ẹ̀gbin tí ó dí sì wà lábẹ́ ilé náà. Ó tún ilé ìdáná ṣe, ó dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀, ó sì ń ṣọ́ àwọn tí ń kú lọ lóru. Síbẹ̀ ikú kò dẹwọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1855, nínú 100 tí a gbé wọlé, bí 42 ni ó ń kú. Ní oṣù kẹta àwọn aṣojú ìjọba dé láti England, wọ́n kó ẹ̀gbin kúrò nínú kòtò, wọ́n sì kun ògiri ní ẹfun. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àwọn tí ń kú kò ju bí 2 lọ nínú 100.

Ó padà sí ilé ní ọdún 1856. Òun àti William Farr, ẹni tí ó mọ ìṣirò ikú àti ìbí, jókòó ti ìwé àwọn tí ó kú, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àrùn pa pọ̀ jìnnà ju àwọn tí ọgbẹ́ pa lọ. Ìṣirò yìí ni ó yí ayé rẹ̀ padà. Ó hàn sí i gbangba pé ìfẹ́ àti àánú nìkan kò tó, bí ẹni tí ó ní wọn kò bá mọ ohun tí ń pani. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí: bí ó ti wù kí olùtọ́jú kan ṣe é tó, iye àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ ni ó lè sọ ọwọ́ kan di ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Àwọn ènìyàn ti dá owó tí ó ju 44,000 pọ́n-ùn lọ ní ọlá rẹ̀. Kò ná an sí ara rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní London ní ọdún 1860. Àwọn oníṣègùn kan tako ó, wọ́n ní nọ́ọ̀sì kò nílò ẹ̀kọ́ ju ti ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ. Àwọn obìnrin 15 ni ó kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ìyá àgbà ilé ìwòsàn náà, Sarah Wardroper. Ṣáájú èyí ni ó ti kọ ìwé kan fún gbogbo obìnrin tí ń tọ́jú ilé, nípa afẹ́fẹ́ tí ó dára, omi mímọ́, ìmọ́lẹ̀ àti ọwọ́ tí ó mọ́.

Àìsàn ti dá òun tìkára rẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà náà. Láti orí ibùsùn ni ó ti ń darí iṣẹ́. Ó ń pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọdún 1872 ni ó sì ti ń kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó yọrí sí rere. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí tí owó náà ràn lọ́wọ́ ní King's College Hospital ní láti kógbá wọlé ní ọdún 1867, nítorí ibà tí ń pa àwọn abiyamọ. Kò bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀; ó wádìí rẹ̀, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1871.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàn ká. Agnes Jones lọ sí ilé àwọn tálákà ní Liverpool ní ọdún 1865, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1868. Ní ọdún kan náà Lucy Osburn kó nọ́ọ̀sì márùn-ún lọ sí Sydney ní ilẹ̀ Australia. Ní ọdún 1892, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó ṣètò pé kí a kọ́ àwọn obìnrin tí yóò máa wọ ilé àwọn ará oko ní Buckinghamshire láti kọ́ àwọn ìyá ní ìmọ́tótó.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1910, ní ẹni 90 ọdún. A fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀, a sì sin ín sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì East Wellow, lábẹ́ òkúta tí kò ní ju lẹ́tà méjì ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ lọ.

Èso rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Kofoworola Abeni Pratt ará Èkó, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní CMS Girls' School, wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọdún 1946. Ní ọdún 1964 òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ìyá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ pamọ́. Ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn kan ṣe rere. Ẹni tí ó kọ́ ẹlòmíràn láti tọ́jú wọn ti fi ọwọ́ tí kì yóò kú sílẹ̀ dè wá.