Patrick Blackett: Ẹni Tó Kó Onírúurú Onímọ̀ Jọ Sídìí Iṣẹ́ Kan

Ará Ajégúnlẹ̀, ará Àpápá àti gbogbo ẹni tó ń gba Marine Beach lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló mọ ìyà tí ìtò tírélà ń fi jẹni. Wákàtí tó bá ṣòfò lójú ọ̀nà wáàfù kì í padà wá mọ́. Ìmọ̀ kan wà tó ń wá ojútùú sí irú ìṣòro báyìí. Operations research ni àwọn onímọ̀ ń pè é, èyíinì ni fífi ìṣirò wádìí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kí a lè ṣètò rẹ̀ lọ́nà tó dára jù. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí lélẹ̀ ni Patrick Blackett.

Ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni a ti bí i ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1897. Láti kékeré ló ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó sì jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí ogun náà parí, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ Ernest Rutherford. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìtànṣán tí ń ti gbalasa òfúrufú wá wà lára ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1948.

Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń yin ìbọn ńlá sí ọkọ̀ òfúrufú Jámánì, ọ̀pọ̀ ọta sì ń ṣòfò. Blackett kó ẹgbẹ́ ènìyàn 11 jọ: onímọ̀ ìṣirò, onímọ̀ físíìsì, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara, awọnlẹ̀ àti ọ̀gá ológun kan. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹgbẹ́ eléré. Síbẹ̀, ọta tí wọ́n ń ná lórí ọkọ̀ òfúrufú kan dín kù láti nǹkan bí 20,000 sí nǹkan bí 4,000 ní ọdún 1941.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan òkun. Lákòókò náà, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀kùrọ́ àti ẹ̀pà kúrò ní Èkó a máa dúró ní Freetown kí ó lè bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ mìíràn rin ìrìn àjò lọ sí ìlú Ọba, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbà pé ọ̀wọ́ kékeré ló rọrùn láti ṣọ́. Ẹgbẹ́ Blackett fi ìṣirò hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: bí òró àti ìbú oko bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ inú rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọgbà tó yí i ká kò ní ju ìlọ́po méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ogun díẹ̀ ṣe lè dáàbò bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù.

Ní Yunifásítì Manchester, níbi tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọdún 1937 sí 1953, ó wà lára àwọn tó mú Max Newman, onímọ̀ ìṣirò, wá ní ọdún 1945. Ibẹ̀ náà ni Frederic Williams àti Tom Kilburn ti mú kí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó ń tọ́jú ìlànà iṣẹ́ sínú ìrántí ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1948.

Blackett kú ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1974. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sí ẹnu òkun Èkó, sìmẹ́ńtì ló sì kún inú ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ti pàṣẹ fún ju ohun tí èbúté Àpápá lè já lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tó ṣe ìṣirò méjèèjì pọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀wẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a pín ìṣirò kan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń pín ilẹ̀. Bí 100 ènìyàn bá pọnmi ní kànga kan pẹ̀lú korobá kan ṣoṣo, iṣẹ́ kò ní yá. Nítorí náà ni onímọ̀ ìṣètò iṣẹ́ àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò fi gbọdọ̀ ya ara wọn.

Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni a ti ń fi ètò orí ẹ̀rọ pe tírélà wọ èbúté bí ó bá ti kan kálukú. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ìtò tó lè kúrò ní Marine Beach, ó yẹ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì wa, òṣìṣẹ́ èbúté, aṣọ́bodè àti awakọ̀ tírélà jókòó sídìí ìṣirò kan náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.