Martin Luther King: ọgbẹ́ ọkàn tí ayé kò rí

Ta ni kò gbọ́ orúkọ Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà? Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà kú lọ́dún 1941. Ó ti yọ́ lọ wòran lọ́jọ́ náà, ó wá di ẹ̀bi ikú ru ara rẹ̀, ló bá bẹ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí kó o yọ.

Ó dàgbà, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé rẹ̀ ní 1956. Orí ibùsùn ọsibítù l'Atlanta ni ìròyìn ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ti bá a ní 1964. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àbí ta ló fẹ́ pe aṣáájú ní aláìsàn ọkàn?

Ní oṣù kẹta 1966, ní Chicago, ó là á mọ́lẹ̀ pé nínú gbogbo ìrẹ́jẹ, ti ìlera ló burú jù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis, lẹ́ni ọdún 39.